Ibi Funfun Ara Igi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn òjò kẹta ọdún yìí, ni Séidou wá sọ fún mi pé ọkọ mi jábọ́.

Mo ń sá ẹ̀wà sórí ẹní lẹ́yìnkùlé wa ní Kétu, nítorí òjò àná ti rin ín. Mo gbọ́ ìró àlùpùpù lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé Séidou ni, torí ọdún mọ́kànlélógún ni òun àti Akíndé ọkọ mi ti jọ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Kò pa ẹ́ńjìnnì kó tó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Séidou kì í fi epo ṣòfò.

"Ìyá Aurore," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó, Séidou." Orí àpótí ni mo wà.

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi. Ẹ̀jẹ̀ wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. "Igi ló ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Odomèta. A gbé e. A ń gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ṣé ẹ débẹ̀?"

"Rárá," ó ní. "A ò bá a débẹ̀."

Mo bi í bóyá ó ti jẹun. N kò mọ ìdí tí mo fi bi í. Bóyá torí pé ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn méjèèjì lọ́sàn-án nìyẹn, kò sì sí òmíràn lẹ́nu mi. Séidou bú sẹ́kún. Èmi kò sunkún. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, mo ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, mo ń tẹ́ ẹ, títí Thérèse aládùúgbò wa fi wá di ọwọ́ mi mú.

A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn tó wá kí mi pọ̀ débi pé àga tán nílé, tí wọ́n ń jókòó sórí pákó tí Akíndé kó jọ fún iṣẹ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Mo ń dá wọn lóhùn bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka àkọ́sórí. Ó gun òrùlé lọ wo ibi tó ń jò. Igi ìdábùú tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣẹ́. Ó bọ́ sórí àga ìjókòó. Àwọn Sista ló kọ́ mi níwèé, èmi náà sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ ohùn ẹni tó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ mọ́. Ohùn mi nìyẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ lójú mi, Thérèse ló wá sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kẹjọ, bí a ṣe ń fọ abọ́.

"Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló pa á," ó ní.

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni kò ní bẹ́ẹ̀? Gbogbo Odomèta. Òun ló fi igi yẹn síbẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n sì ní igi gidi kì í ṣẹ́ lọ́dún mọ́kànlá. Wọ́n ní wọ́n fún un ní igi tó dáa, ó fi èyí tí kò dáa kọ́lé Ọlọ́run, ó gbé èyí tó dáa wá sílé ara rẹ̀."

Ó gbójú sókè wo òrùlé wa. Èmi náà wò ó. Ibi méjì ló ti ń jò láti èṣí, korobá wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó yẹ kí olè yìí ti dí ihò tirẹ̀," ni Thérèse wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì rẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó pọn omi láti ọ̀nà jíjìn.

Lọ́jọ́ kejì, Judicaël wá. Òun ni katikísì tó ń darí ìjọ Odomèta, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní lẹ́tà àkọ́kọ́ tó mọ̀. Títí di òní, kò lè jókòó níwájú mi kó tó di pé mo ní kó jókòó.

"Mẹ́tirẹ́ẹ̀sì," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, "ìjọ máa ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn àdúrà. Mo ní ó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi."

"Ìpàdé kí ni?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn àgbà fẹ́ ká tú gbogbo òrùlé náà, ká sì tú ti Okpomèta pẹ̀lú, nítorí Bàbá Aurore ló kan ìyẹn náà. Wọ́n sì fẹ́ ká ṣe ìkéde kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lágbègbè yìí, kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí ààbò."

"Séidou ló kù níbi iṣẹ́ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà gbà pé Akíndé jí igi?"

"N kò ní ó jí i, Mẹ́tirẹ́ẹ̀sì. Igi náà jẹrà ni mo wí. Mo fojú mi rí i. Ẹ bá wa rán ẹnì kan wá láti ìdílé yín."

"Èmi fúnra mi á wá," mo ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. N kò bẹ Ọlọ́run pé kó dá Akíndé padà. Mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí a má kéde ọkọ mi ní olè níwájú pẹpẹ tí a ti so wá pọ̀.

Séidou gbé mi sẹ́yìn àlùpùpù lọ sí Odomèta. Àgbàdo ti ń yọ orí lójú ilẹ̀ pupa, gbogbo ènìyàn wà lóko, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì dá páropáro. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ rẹ̀. Igi tó ṣẹ́ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti dá sí méjì. Mo dúró díẹ̀ kí n tó lè sún mọ́ ọn.

Séidou kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ fọwọ́ kàn án níbí, ibi tó wọ inú ògiri."

Mo fọwọ́ kàn án. Ìka mi wọlé. Ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ó tutù, òórùn ilẹ̀ ìdí ìkòkò omi sì ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Ṣé ikán ni?"

"Ikán?" Ó mi orí. "Ikán á mú erùpẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ẹ wò ó, kò sí erùpẹ̀, kò sí ihò. Òjò ń wọ ògiri, ìdí igi wà nínú rẹ̀, kò ríbi gbẹ. Olú ló jẹ ẹ́." Ó yí igi náà padà, ó sì fi àwọn olú kéékèèké hàn mí lábẹ́ rẹ̀, pẹlẹbẹ, wọ́n to ara wọn bí etí ọmọdé. Okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ti rìn láti ìdí wọn wọ inú igi lọ. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń fi í gé ibi rírà náà kúrò, ó ń bọ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ́wọ́ọ́, títí ọ̀bẹ fi kan ohun líle, tó dún.

"Ọkàn rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ẹ dán an wò."

Mo gba ọ̀bẹ, mo fi gún un. Kò wọlé. Àárín igi náà pupa rẹ́súrẹ́sú bíi oyin, ó le, ó mọ́, bí ẹni pé àná ni a gé e. Ṣùgbọ́n kò tóbi ju ọrùn ọwọ́ Séidou lọ.

"Ibi funfun nìkan ló rà. Ó sì jẹ́ pé ibi funfun ló pọ̀ jù lára rẹ̀, torí tẹ́ẹ̀kì kékeré ni. Ọdún mẹ́tàlá péré ló lò nílẹ̀ kí a tó gé e. Ohun tí ẹ rí yìí nìkan ló ti ń gbé òrùlé láti bí ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Àwa ò mọ̀. Láti ìta, ó dà bí odidi."

Mo bi í ní ìbéèrè tí mo gbé wá. "Ṣé Akíndé kò mọ̀ pé ibi funfun á rà ni?"

Séidou gba ọ̀bẹ rẹ̀ padà, ó ń nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Séidou."

"Ó mọ̀, Ìyá Aurore. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Lẹ́yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìwẹ̀, ìlà èèkàn kan wà níbẹ̀ tí àlejò máa ń rò pé ọgbà ewúrẹ́ tí a kò parí ni. Akíndé ló rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá ènìyàn láti ìgúnpá dé ìka, ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀, irú igi wọn sì yàtọ̀ síra. Ní oṣù méjì-méjì, á fà wọ́n yọ, á fi ọ̀bẹ gún wọn, á sọ ohun tó rí, èmi á sì kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé, nítorí òun kò kàwé jìnnà. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti Odomèta dé, mo wá kàyé náà rí. Ọ̀nà ìkọ̀wé mi mọ́ nígbà náà.

Àràbà: oṣù mẹ́jọ, ó ti rà. Arère: ọdún kan ààbọ̀, ó ti rà. Tẹ́ẹ̀kì, ibi funfun: ọdún méjì, ó ti rà. Ìrókò, ibi funfun: ọdún méjì ààbọ̀, ó ti rà. Ọ̀gànwó: ọdún kẹfà, ó ń rọ̀. Tẹ́ẹ̀kì, ọkàn: kò ṣe nǹkan. Ìrókò, ọkàn: kò ṣe nǹkan. Apá: kò ṣe nǹkan. Àyìn: kò ṣe nǹkan.

"Kò ṣe nǹkan" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn mọ́ ọn jù. Á gbé èèkàn náà sókè, á fi gbá àtẹ́lẹwọ́, á ní: "Mẹ́tirẹ́ẹ̀sì, fún èyí ní máàkì tó pé!" Nígbà tí ibi funfun ìrókò rà, ó yà mí lẹ́nu. Mo ní ìrókò náà? Ó ní: "Kò sí igi tí ibi funfun rẹ̀ ní agbára. Orúkọ igi kọ́ ló ń gbé òrùlé. Ọkàn rẹ̀ ni."

Ọjọ́ tí a kọ ti tẹ́ẹ̀kì wà lókè ìwé náà. Ó fi oṣù mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ tí igi yẹn gòkè ní Odomèta.

Ó yẹ kí n sọ bí igi yẹn ṣe dé orí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Odomèta, bí ìyá tàbí bàbá ẹni bá kú, ẹni tó bá ní ilẹ̀ á gbin tẹ́ẹ̀kì lórúkọ òkú náà. Bí igi bá tó kọ́lé, á fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Odidi ni wọ́n ń lò ó. Èèpo rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bó. Lẹ́yìn ìyẹn, irin kì í kan ara rẹ̀ mọ́, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá gé lára igi ìrántí, ara òkú ló gé. N kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò lè pẹ́, nítorí àwọn baba ńlá wa kò mọ tẹ́ẹ̀kì. Ìjọba ló mú un wá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dì í mú bí ohun tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Igi tó ṣẹ́ mọ́ ọkọ mi lẹ́sẹ̀, igi ìrántí ìyá mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi Félicien ló gbìn ín, mẹ́ta ni ó gbìn lọ́dún tí Màmá kú. Ọ̀kan ló fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, Séidou sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìgbójú sókè. "Akíndé bẹ ẹ̀gbọ́n yín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bó ibi funfun kúrò ní ìdí méjèèjì, ibi tó máa wọ ògiri nìkan, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ẹ̀gbọ́n yín ní, 'Ìyá mi lo fẹ́ gé?' Akíndé wá wò yín. Ẹ̀yin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè funfun, ẹ ń sunkún ayọ̀. Ó ní, 'Séidou, jẹ́ ká gbé e sókè.' Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín láéláé."

Mo rántí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan igi náà kí wọ́n tó gbé e, mo ní, "Màmá, ẹ ti dé ilé Ọlọ́run." Mo rí i tí Akíndé wò mí. Mo rò pé ìfẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Ìfẹ́ náà ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gun òrùlé náà lọ lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, tí èmi sì ń bínú pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti pọ̀ jù.

Kí a tó kúrò ní Odomèta, mo ní kí Séidou dúró dè mí, mo sì wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa àgbọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

"Sidonie, káàbọ̀. Wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn? O ti rù."

"Wọ́n ń fún mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ohun tí Akíndé bẹ̀ yín lọ́jọ́ tí igi Màmá gòkè?"

Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ó ní òun fẹ́ bó ibi funfun."

"Òun ni káfíńtà. Tó bá mọ̀ pé kò dáa, ó yẹ kó kọ̀."

"Ó yẹ kó kọ̀," mo ní. "Ká ní ó kọ̀, ṣé ẹ máa gbà fún un?"

"N kò ní gbà. Mo máa pe káfíńtà mìíràn."

Adìẹ kan wá ṣa àgbọn tó bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e.

"Kí wá lo fẹ́?" ó ní. "Kí n dìde láàrin ìjọ kí n ní igi ìyá mi ló pa ọkọ àbúrò mi?"

"Kì í ṣe Màmá ló pa á. Ibi funfun ni. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n fẹ́ kéde Akíndé ní olè. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, èmi á sọ̀rọ̀."

"O máa tú mi síta lójú gbogbo ayé? Èmi?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n. N kò ní agbára láti tú ẹnikẹ́ni síta. Bí ẹ bá sọ ọ́, n ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú àwa méjèèjì."

Ó gbé àdá rẹ̀, ó sì tún gbé e sílẹ̀. "Máa lọ sílé," ó ní. "Oòrùn ti ń mú."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Thérèse fa àwọn èèkàn náà yọ. Àwọn tó dáa kò fẹ́ jáde. Thérèse fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fa èyí tó jẹ́ ti àyìn títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. "Ọkọ ẹ rì í bí ẹni pé ó fẹ́ kó yọ sókè òkun," ó ní. Àwọn tó ti rà kò ní ju apá òkè lọ. A kó ohun tó kù lára wọn sínú àpò.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Àìkú, ìjọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí wọn kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Judicaël ka ohun tí àwọn àgbà kọ. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní bóyá ìdílé ní ọ̀rọ̀. Mo dìde, mo da àpò náà sílẹ̀.

"Mẹ́tirẹ́ẹ̀sì ti kó igi ìdáná wá," ẹnì kan wí lẹ́yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá dá iná náà," mo ní. "Ẹ gbé ọ̀bẹ dání."

Mo pín èèkàn náà fún wọn. Mo sọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye ọdún tó lò nílẹ̀, bí mo ṣe máa ń kọ́ ọmọ. Ọ̀bẹ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó rẹ́rìn-ín náà gún igi apá, ó tún un gún, ó wo ẹnu ọ̀bẹ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan fọwọ́ tẹ èyí tó kù lára arère, ó di ìyẹ̀fun sórí ìró rẹ̀. Níkẹyìn mo gbé tẹ́ẹ̀kì méjì sókè, ara igi kan náà ni a ti gé wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọkàn, ọ̀kan jẹ́ ibi funfun. Mo ní kí wọ́n gún méjèèjì.

"Akíndé mọ èyí," mo ní. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un lọ́wọ́ ara mi. Ó mọ̀ pé ibi funfun á rà nínú ògiri, ó sì dákẹ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ igi. Igi tí ẹ gbé fún un ló gbé sókè."

"Tó bá mọ̀," ni Judicaël bi mí, "kí ló dé tí kò bó ibi funfun náà kúrò?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Mo la ẹnu. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti òru, ṣùgbọ́n mo rí ojú Màmá nínú ojú ẹ̀gbọ́n mi ní ìlà ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde.

"Èmi ni mo ní kó má bó o."

Félicien ti dìde. Ó di ẹ̀yìn àga ẹni iwájú rẹ̀ mú.

"Ó bẹ̀ mí. Séidou wà níbẹ̀. Mo ní kó má gé ìyá mi. Ohun tí gbogbo yín ì bá wí náà ni mo wí, kí ẹnikẹ́ni má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Màmá Philomène, tó dàgbà jù nínú ìjọ, na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Òótọ́ lo wí nígbà náà, Félicien. A kì í fi irin kan òkú wa. Má wá yí i padà lónìí."

"Màmá, òkú wa kò sí nínú igi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹni tí a sin lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, àna mi ni. Bí ọmọ ló jẹ́ sí mi. Torí pé ó bọ̀wọ̀ fún mi ló ṣe kú. Igi méjì kù nínú èyí tí mo gbìn fún ìyá mi. Mo máa gé ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Séidou bó ibi funfun rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó má wọlé."

Ariwo sọ. Ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin gun òrùlé lọ pẹ̀lú Séidou níṣojú gbogbo wa, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gún ìdí igi ìdábùú mẹ́rin tó kù. Mẹ́ta jẹ́ igi apá tí ìjọ fi owó rà nígbà náà. Kò ṣe nǹkan. Ọ̀kan jẹ́ igi ìrántí ẹlòmíràn, ó ti ń rọ̀. A pinnu pé ìyẹn nìkan la máa yọ. Wọn kò ní tú ti Okpomèta, ṣùgbọ́n Séidou máa lọ wò ó. Ìkéde náà kò wáyé. Judicaël ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó bá mi ṣa àwọn èèkàn padà sínú àpò, ó sì gbé e dé ìdí àlùpùpù. Àwọn kan kọjá lára Félicien láìkí i. Màmá Philomène sọ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé bí òun bá kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin nǹkan kan fún òun.

Nígbà tí mo délé, mo sùn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi mọ́. Aurore ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Pobè, pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò gbọ́. Nígbà tí mo wá gbé fóònù, ó ní, "Màmá, ṣé ara yín dá?" Mo ní ara mi dá, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó ní, "Ṣé ẹ ti wá sunkún báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Igi tí ẹ̀gbọ́n mi gé náà gbẹ lábẹ́ páànù fún oṣù mẹ́rin. Séidou kò jẹ́ kí wọ́n kánjú. Ìjọ ń gbàdúrà lábẹ́ máńgòrò, òjò ń lé wọn ká, wọ́n ń kùn. Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Séidou ránṣẹ́ sí mi pé igi náà ti gbẹ, ó ti yá.

Wọ́n ti gbé igi náà lé orí àwọn àpótí méjì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọdún mẹ́rìnlélógún ló lò nílẹ̀. Ní ojú ibi tí wọ́n ti gé e, ibi funfun kò ju ìka méjì lọ yí ká. Gbogbo ìyókù jẹ́ ọkàn. Séidou ti fi èédú fa ìlà sí i, láti ìdí dé ibi tó gùn tó apá ènìyàn kan. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dúró pẹ̀lú àáké. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fi irin kàn án. Wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n mi.

Félicien gba àáké kékeré kan. Ó gbé e sókè, ó sì ń wo igi náà títí Séidou fi sún mọ́ ọn. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó na èèkù rẹ̀ sí mi.

"Sidonie," ó ní. "Bá wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fún Akíndé."

N kò gé igi rí láyé mi. Mo di èèkù náà mú ní ọwọ́ méjèèjì. Séidou ní kí n má gbé e sókè jù, kí n jẹ́ kó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, bí ẹni ń ho iṣu. Ìgbà àkọ́kọ́, ó yọ̀. Ìgbà kejì, ó wọlé, abala funfun kan sì ṣí, ó ká, ó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo tún un gé. Mo ń bó o lọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, mo ń yí igi náà ká, títí mo fi dé ibi pupa.